Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Létí Odò Danube

Ìyá wo ni àyà rẹ̀ kì í já bí ọmọ bá gun kẹ̀kẹ́ bọ́ sójú títì tí mọ́tò ti ń sáré? Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é létí odò Danube.

Láti Passau ní Jámánì dé Vienna, olú-ìlú Austríà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà tí ó lé ní 300 kìlómítà. Láyé àtijọ́, ẹṣin ni ó ń fi okùn fa ọkọ̀ lọ sókè odò, etí omi ni wọ́n sì ń tọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ onítíìmù àti rélùwéè dé, iṣẹ́ ẹṣin parí, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kù. Lẹ́yìn ọdún 1980 ni wọ́n tún púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe fún kẹ̀kẹ́.

Nítorí pé odò ni ó ń bá rìn, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ìyá àgbà lè gùn ún láìmí hẹlẹ. Láàárín Melk àti Krems, ó la àfonífojì Wachau kọjá, ibi ọgbà àjàrà àti òkè, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2000.

Òtítọ́ ni pé ó ń pàdé títì níbòmíràn. Níbẹ̀, kí òbí la ojú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́gbọ́n: ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ẹṣin ti là, wọn kò fi gbogbo rẹ̀ fún mọ́tò, wọ́n ṣẹ́ ti ọmọdé kù.