"Off the Fan" àti "Bà á Jẹ́": Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ẹlẹ́là Wa Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ló ń dààmú wa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́rin ní ẹ̀ka yìí ti ń pe "morphophonemics" bí ẹni ń jẹ àkàrà. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ni wàhálà: "up", "off", "out", "in", "on", "over". Bí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí, ìtumọ̀ á yí padà. "Give" ni kí a fúnni ní nǹkan. "Give up" ni kí ọwọ́ ẹni rọ. "Give in" ni kí a gbà fún ẹni tí a ń bá fà á. "Give out" lè jẹ́ kí a pín nǹkan, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì.

Nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ní àkànlò èdè ni gbogbo rẹ̀, kí a há a sórí. Olùkọ́ á kọ ogójì sójú pátákó, a ó dà á kọ, a ó ṣe ìdánwò, a ó gbàgbé. Èmi kò fara mọ́ ọ̀nà yẹn. Mo sì ń sọ ọ́ níbí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni NYSC yóò gbé síwájú pátákó láìpẹ́, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ JSS 2, kì í la ẹnu mọ́ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì níléèwé rẹ̀. Ó béèrè lọ́jọ́ kan pé "Ma, should I off the fan?", gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà sì bá wọn rín in. Ó tán.

Kí ni ọmọ yìí ṣe gan-an? Lédè wa, pípa ni à ń pa fáànù, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Nínú "turn off", kí ni "turn" ń ṣe níbẹ̀? Nígbà tí a tẹ bọ́tìnnì, kí la yí? "Off" ló gbé ìtumọ̀ rù, "turn" kàn ń bá a rìn ni. Ọmọ náà mú èyí tó ní ìtumọ̀, ó fi èyí tó ṣófo sílẹ̀, ó sì lò ó bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ń "up the price", wọ́n ń "down a drink", ẹnikẹ́ni kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. N kò ní kí ó kọ "off the fan" sínú ìwé ìdánwò o, máàkì á lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdí tí ọmọ fi sọ ọ́ ló lè tọ́ ọ sọ́nà láìpa á lẹ́nu mọ́.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ rántí ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣàlàyé nínú ìwé gírámà Yorùbá tó gbé jáde ní 1966: bàjẹ́, tànjẹ, gbàgbọ́, yẹ̀wò. A kì í sọ pé "wọ́n bàjẹ́ ọ̀rọ̀ náà". "Wọ́n ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́" ni, àbọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín. Bí a bá sì ní wọ́n tan ẹnìkan jẹ, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ náà kò sí nínú "tàn" nìkan, kò sí nínú "jẹ" nìkan. Ìyá àgbà tí kò wọ iléèwé rí kì í ṣì í.

Wàyí o, ẹ wo "look up", kí a wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. O lè ní "look up the word", o sì lè ní "look the word up". Àmọ́ bí o bá ti fi arọ́pò-orúkọ dípò "the word", kò sí yíyàn mọ́: "look it up" nìkan ló kù. Níbẹ̀ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe bíi Yorùbá gẹ́lẹ́. Tiwa kàn le ju tiwọn lọ ni, nítorí pé kì í fún ọ̀rọ̀-orúkọ náà láyè láti dúró sẹ́yìn. Olùkọ́ tó bá sọ fún ọmọ pé "gbé 'it' sáàárín bí o ṣe máa ń sọ 'bà á jẹ́'" ti fún un ní òfin tí kò ní nílò kó há ogójì sórí.

Ibi tó ti díjú ni pé ọ̀rọ̀ kékeré kan náà lè jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀-ìṣe níhìn-ín, kó sì jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn lásán lọ́hùn-ún. "The lecturer looked over the script": ó yẹ̀ ẹ́ wò, a sì lè ní "looked it over". "The lecturer looked over the fence": ó gba orí ọgbà wo òdìkejì, "looked over it" ni, "it" kò gbọdọ̀ wọ àárín. Etí pàápàá ń gbọ́ ọ, torí pé ohùn á le lórí "over" nínú "looked it over". Àwa tí a ń fi ohùn nìkan mọ "ọkọ" yàtọ̀ sí "ọkọ́", ṣé èyí ló yẹ kó bọ́ mọ́ wa létí?

Nígbà mìíràn, méjèèjì á pàdé. Nínú "put up with", "up" jẹ́ ti ọ̀rọ̀-ìṣe, "with" ni atọ́kùn tó gbé àbọ̀ dání, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ "put up with it". "Look forward to" ńkọ́? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ dárí jì wá: lọ́dọọdún ni a ń kọ lẹ́tà ìtọrọ owó sí yín, tí a sì ń fi "we look forward to hear from you" parí rẹ̀. Atọ́kùn ni "to" yẹn. Bí "your reply" bá lè tẹ̀ lé e, "hearing" ló yẹ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní Yorùbá gan-an ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jọ pé "jíròrò lórí" ló wà lẹ́yìn "discuss about", "sọ jáde" lẹ́yìn "voice out". Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá lẹ̀ pọ̀ ni àṣìṣe. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba "flag off" àti "send-forth" wọlé gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà. Lójú tèmi, ẹni tó sá fún "send-off" nítorí pé "off" ń dún létí rẹ̀ bí ìgbà tí a lé èèyàn dànù, tó wá lọ mú "forth", gbọ́ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn yé ju ẹni tó há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí lọ.

Ẹ̀yin ọmọ 300 level tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tó ń ka àṣìṣe àwọn ọmọ girama ti pọ̀ tó lórí pẹpẹ ẹ̀ka wa. Ẹ mú kíláàsì méjì. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ológójì kọ́ ọ̀kan, ẹ fi ẹlẹ́là kọ́ èkejì, kí ẹ wá gbé èsì rẹ̀ wá síbí kí a jọ kà á.