Ẹ Jẹ́ Kí Ìmọ̀ Ẹja Dé Ọjà'ba

Bí ẹnì kan bá sọ ní Bẹẹrẹ tàbí Mápó pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa la orí òbòkún, kí òun yọ òkúta kékeré tó wà nínú etí rẹ̀, kí òun sì máa ka ìlà tó wà lára òkúta náà, ọ̀pọ̀ wa ni yóò bi í pé èwo ni tiwa nínú ìyẹn. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Owó wà nínú iṣẹ́ yẹn, àwa oníṣòwò ni kò tíì lọ mú un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n S. O. Fágàdé ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1974, ó kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi egungun mọ ọjọ́ orí ẹ̀pìyà inú ọ̀sà Èkó. Ní ọdún 1980, ó kọ ti òkúta etí òbòkún. Bí ìlà ṣe ń wà nínú igi tí a gé lulẹ̀ náà ló wà lára òkúta yìí. Ẹni tó bá kà á yóò mọ iye ọdún tí ẹja ti lò láyé. Bó bá tún wo inú ẹja bóyá ẹyin wà níbẹ̀, yóò mọ bí ẹja ṣe ń tóbi tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ.

Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Ẹja tí kò tíì bímọ rí tí a kó sínú igbá, ọjà ọdún tó ń bọ̀ la tà lówó pọ́ọ́kú. Irúgbìn la ń jẹ.

Ẹ wo Kainji. Nígbà tí ìsédò ibẹ̀ parí ní ọdún 1968, ẹja pọ̀ jọjọ nínú adágún náà. Kó tó di ọdún 1975, ohun tí wọ́n ń pa ti já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó fi owó ọdún ọ̀pọ̀ yanturu ṣírò èrè ọjọ́ iwájú ti ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin àrọ̀ nínú adágún àdáni, ẹ má sọ pé odò kò kàn yín. Bí ọmọ ìyá kan náà bá ń gun ara wọn láti ìran dé ìran, ọmọ wọn kì í lágbára. Odò la ti ń rí ìyá ẹja tuntun. Ìdọ̀tí tí a sì ń dà sí Kúdẹtì àti Ògùnpa, Odò Ọ̀nà ló ń lọ bá.

Àwọn kan yóò ní owó tálákà kò ká ẹja ńlá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a lè gé ẹja ńlá tà. Àwọn ẹja kan sì wà tí kì í tóbi bó ti wù kí wọ́n gbó. Ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa bí kò ṣe ẹni tó fi ayé rẹ̀ kọ́ ọ?

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní ẹjọ́ tiwọn: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja Ọjà'ba kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹja ní Yunifásítì. Kí wọ́n bá wa kọ orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, pẹ̀lú ìwọ̀n tí a kò gbọ́dọ̀ rà kó kéré sí i. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsọ̀. Bí a bá kọ̀ tí a ò ra ọmọ ẹja, apẹja yóò pààrọ̀ àwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń pàṣẹ ọjà.