Ta ni ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà inú ilé?

Oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Missèbo kì í tú béèlì aṣọ àlòkù kí ó má yẹ àpò aṣọ wò. Aṣọ tó ti òkè òkun dé ti ní olówó kan rí. Orúkọ ẹni náà lè wà lára ọrùn aṣọ síbẹ̀; ìwé pélébé tí ó fi wọ ọkọ̀ lè wà nínú àpò rẹ̀. Ẹni tó bá rà á yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a sóòrùn, kí ó tó wọ̀ ọ́ jáde. Kò sí ẹni tó ń kọ́ àwọn ará Kútọnu ní èyí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Kọ̀ǹpútà àlòkù ń gba ọ̀nà kan náà wọ ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọ̀ ọ́. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ a máa pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní «venu de France», kì báà jẹ́ ilẹ̀ Jámánì ni ó ti wá. Bí ó bá ti tàn, tí àwòrán sì hàn lójú rẹ̀, owó ti di sísan nìyẹn. Ní ọ̀sán, ó wà ní ìsọ̀, wọ́n ń fi ṣe ìṣirò ọjà. Ní alẹ́, ó wà nílé: ọmọ ń fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, àbúrò ọkọ ń fi wo fíìmù, ọmọ-iṣẹ́ ń fi tẹ lẹ́tà. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé, pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn, orúkọ òyìnbó tó lo ẹ̀rọ náà kẹ́yìn ni.

Níbo ni ìyá tó sanwó kọ̀ǹpútà náà wà nínú gbogbo èyí? Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó sanwó. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alákòóso ni ó mọ̀ ní ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ohun tí ojú ẹ̀rọ ń kọ ní «compte», èyíinì ni àkáǹtì, dà bí yàrá nínú agboolé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà ni ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ojú ẹ̀rọ ń kọ ní «mot de passe». Ẹni tó wà nínú yàrá kan lè to ẹrù rẹ̀ bó ti wù ú, ṣùgbọ́n kò lè ṣí yàrá ẹlòmíràn. Windows ni ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé, òun ni ó sì ń pe irú àkáǹtì yìí ní «Utilisateur standard». Èkejì ni «Administrateur», alákòóso. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló lè mú àlejò wọlé, ìyẹn ètò tuntun. Òun ló lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn. Òun ló lè lé ènìyàn jáde, kí ó sì da ẹrù rẹ̀ nù.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣètò Windows sórí ẹ̀rọ, àkáǹtì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí ni ó máa ń di ti alákòóso. Ta ni ó sì máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ní ọjọ́ náà? Ẹni tó tà á ni, tàbí ẹni tó ń tún un ṣe, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyá ń dá oníbàárà lóhùn lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tó dàgbà tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé, yóò sọ pé kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe é. Báyìí ni olówó ẹ̀rọ ṣe ń di àlejò lórí ohun tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Èyí kò tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ rí.

Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà kì í ṣe eré. Ìwé àwìn wà níbẹ̀: ta ló jẹ gbèsè béèlì méjì, ta ló san ìdajì, ta ló ní òun ń bọ̀ láti Parakou lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fátúrà tí ilé-iṣẹ́ ìgbowó-orí ń béèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní «facture normalisée», lè gba ibẹ̀ kọjá. WhatsApp tí ìyá so mọ́ kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ní alẹ́ lè ka iye tí ìyá ń ra ọjà àti ẹni tí ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè fi orúkọ ìyá ránṣẹ́ sí oníbàárà pé kí ó san owó sí nọ́ńbà mìíràn. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ olè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń wá eré tí yóò ta lè pa ìwé àwìn ọdún mẹ́ta rẹ́ láìmọ̀.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Òfin nọ́ńbà 2017-20, tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi lélẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní «Code du numérique», ní kí ẹni tó bá ń kó orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn jọ fún iṣẹ́ rẹ̀ dáàbò bò wọ́n. Àjọ tó ń mójú tó èyí ni APDP. Oníṣòwò lè rò pé ilé-ìfowópamọ́ nìkan ni òfin náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ra aṣọ láwìn ní Missèbo, orúkọ ènìyàn ni òun náà.

Àwọn tó kọ́kọ́ pín kọ̀ǹpútà lò mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ní ọdún 1961, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ kan hàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ńlá ni, kò sí ẹni tó lè dá a ní. Nítorí náà, wọ́n fún oníkálukú ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí ẹnì kan má baà tú ẹrù ẹlòmíràn. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré jáde ní 1981, èrò wọn ni pé ẹnì kan ni yóò jókòó sídìí rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tó padà wá. Windows XP mú àkáǹtì wọ inú ilé ní 2001, àmọ́ gbogbo àkáǹtì tí wọ́n bá ṣí ní ọjọ́ ìṣètò ló ń gba agbára alákòóso. Ní 2007, Windows Vista bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kí ó tó ṣe ohun ńlá. Kọ̀ǹpútà tí ìdílé kan ń pín lò ní Kútọnu lónìí sún mọ́ ẹ̀rọ 1961 ju ti 1981 lọ.

Ìbéèrè tí Windows ń béèrè náà ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn díẹ̀, yóò sì kọ ọ́ báyìí: «Voulez-vous autoriser cette application à apporter des modifications à votre appareil ?» Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ṣé olówó ẹ̀rọ gbà kí ètò yìí yí nǹkan padà nínú ẹ̀rọ rẹ̀? Bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ bá wà nínú àkáǹtì alákòóso, kò ní ju kí ó tẹ «Oui» tàbí «Non» lọ. Bí ó bá wà nínú àkáǹtì lásán, «Oui» nìkan kò tó. Ẹ̀rọ yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà alákòóso. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ètò náà kò ní lè yí ẹ̀rọ padà.

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ wo fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ka gbólóhùn yẹn. Ìka rẹ̀ ti dé orí «Oui» kí ojú rẹ̀ tó dé ọ̀rọ̀ kẹta. Níbẹ̀ ni ètò tó pe ara rẹ̀ ní ètò fíìmù ti ń wọlé, tí ó sì ń kó ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ilé lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó dàgbà kó tó kọ́ ìwé kì í kàwé báyẹn. Ó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ́ka sí i, ó ń béèrè ìtumọ̀ èyí tí kò yé e. Wọ́n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé kò yára. Síbẹ̀, irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ alákòóso wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí ń mú ìfura wọ ilé. Wọ́n á ní ọmọ ẹni kì í ṣe àlejò, kí ló dé tí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn? Ṣùgbọ́n ìyá tó ń kó owó ọjà sínú àpótí, tí ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí ìdí, kò sọ pé olè ni ọmọ òun. Bí owó bá sì dín, kò sí ẹni tí wọ́n lè nàka sí láìnídìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkáǹtì ń gba ọmọ-iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn: ohun tí kò lè ṣí, wọn kò lè ní òun ló bà á jẹ́.

Ohun tó ṣòro láti gbà ni pé olówó ẹ̀rọ pàápàá kò gbọ́dọ̀ máa gbé inú àkáǹtì alákòóso lójoojúmọ́. Ó yẹ kí ó ní méjì: ti alákòóso, tí yóò máa lò nígbà tí nǹkan tuntun bá fẹ́ wọlé, àti èyí lásán tí yóò máa fi ṣiṣẹ́. Ọba kì í dé adé lọ wẹ̀. Bí ìyá bá ṣèèṣì ṣí lẹ́tà búburú nínú àkáǹtì lásán, jàǹbá náà lè má jáde kúrò nínú yàrá kan.

Ṣíṣe rẹ̀ kò gba wákàtí kan. Lórí Windows tó wà lédè Faransé, wọ́n á ṣí «Paramètres», lẹ́yìn náà «Comptes», lẹ́yìn náà ibi tó ń sọ̀rọ̀ nípa «autres utilisateurs». Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àkáǹtì kún un. Ẹ̀rọ yóò béèrè àdírẹ́sì íméèlì; ẹni tí kò ní in lè yan àkáǹtì tí kò nílò Microsoft, kí ó kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan. Ọmọ tó mọ ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo rẹ̀, kò burú rárá. Àmọ́ nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ aṣínà alákòóso, kí ó dìde, kí ìyá jókòó.

Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn yóò rí wàhálà, òótọ́ ni. Ibi tí ó yẹ kí ó kọ ọ́ sí ni inú ìwé kékeré tí yóò wà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìbí àwọn ọmọ. Àwọn kan ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn àti kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn?

Ọ̀rọ̀ ọmọ-iṣẹ́ tún wà. Nígbà tí ó bá gba òmìnira, tí ó ń lọ dá dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ da ìwé iṣẹ́ tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ kọ sí ibòmíràn, kí wọ́n tó pa àkáǹtì náà rẹ́, nítorí pé àkáǹtì tó bá lọ lè kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni alákòóso, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ọ̀gá ni yóò máa tẹ̀ lé e dé ilé rẹ̀ tuntun láti tọrọ kọ́kọ́rọ́.

Àkáǹtì lásán kò dí gbogbo ihò. Ètò búburú lè ba ìwé tó wà nínú yàrá ẹni tó mú un wọlé jẹ́ láìní agbára alákòóso. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀dà ìwé àwìn wà lórí clé USB kan, kí clé náà má sì máa wà lára ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun ṣíṣe àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ti ń ṣe sí Windows 10 fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni Windows 11 kò gbà, àwọn òyìnbó yóò sì máa tì wọ́n jáde nínú ọ́fíìsì wọn. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn dé etíkun Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan ní kí òǹtajà ṣí «Récupération» níwájú òun, kí ó yan «Réinitialiser ce PC», kí ó sì tẹ «Supprimer tout», kí ẹrù olówó àkọ́kọ́ lè kúrò níbẹ̀. Ó máa ń pẹ́. Òǹtajà lè sọ pé kò pọn dandan. Kí òǹrajà fa àga, kí ó jókòó. Bí ẹ̀rọ bá tún tàn, tí ó béèrè orúkọ, kí ó ní kí òǹtajà kọjú sí ibòmíràn, kí òun fúnra rẹ̀ sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí àwọn oníbàárà mìíràn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò dúró.