Ọdún Kìn-ín-ní Kò Lè Dá Risífà Lẹ́jọ́

Òwe kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu Yorùbá bí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ẹ̀bùn bá délẹ̀: ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Láàrin àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí àwọn yunifásítì máa ń gbá lọ́jọ́ Sátidé, ìgbàgbọ́ tó wà nínú òwe yìí ti di òfin. Bí ọmọ ọdún 18 kan bá sáré dé ibi tó yẹ, tí bọ́ọ̀lù bà á lọ́wọ́ tó sì já bọ́, ariwo á sọ. Wọ́n á ní kò lọ́wọ́. Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un ti ṣòfò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti máa dárúkọ ẹni tó yẹ kó wá rọ́pò rẹ̀ láti yunifásítì mìíràn.

Ìdájọ́ tí kò tọ́ ni, ó sì ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá jù ni risífà, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tó ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá, tí yóò sá mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́, tí yóò sì mú bọ́ọ̀lù tí kọ́tábáàkì bá jù sí i. Kò sí ipò tí àṣìṣe ti ń hàn sójú ayé tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó ń dáàbò bo kọ́tábáàkì bá ṣìṣe, ẹni tó mọ eré náà dénú nìkan ló máa rí i. Ti risífà kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọdé tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pàápàá rí i pé bọ́ọ̀lù ti bọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Baton Rouge, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, níbi tí yunifásítì LSU wà. Ní 2017, ọmọ kan tó ń jẹ́ Justin Jefferson wọ ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ girama kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Jálẹ̀ sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kò mú bọ́ọ̀lù ẹyọ kan. Òdo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ja'Marr Chase dé. Òun ní tirẹ̀ mú bọ́ọ̀lù 23 fún yáàdì 313 ní gbogbo sáà 2018. Kọ́tábáàkì tó ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn, Joe Burrow, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ohio State dé ní àárín ọdún yẹn ni. Kò bá wọn ṣe ìdánrawò tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ọyẹ́. Nínú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tó bá jù, kò pé mẹ́fà tó ń dọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí.

Ká ní ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn aláriwo ni, wọn ì bá ti lé Chase lọ.

Lóṣù kìn-ín-ní 2019, LSU mú akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó ń jẹ́ Joe Brady wá, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 29 tó ti ń bá ẹgbẹ́ New Orleans Saints ṣiṣẹ́. Òun àti Steve Ensminger, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tún ọ̀nà tí ẹgbẹ́ náà fi ń ju bọ́ọ̀lù tò. Wọ́n tú àwọn risífà ká gbogbo ìbú pápá, kí Burrow lè rí ẹni púpọ̀ tí yóò jù ú sí, kó sì tètè jù ú. Ní sáà 2019, Chase mú bọ́ọ̀lù 84 fún yáàdì 1,780 àti touchdown 20, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá alátakò, ó sì gba ẹ̀bùn Biletnikoff tí wọ́n ń fún risífà yunifásítì tó peregedé jù lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Jefferson mú 111 fún yáàdì 1,540. Burrow ju touchdown 60. Bọ́ọ̀lù 76 nínú 100 tó jù ló ń dọ́wọ́. LSU gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15, wọn kò pàdánù ọ̀kan. Ní alẹ́ 13 oṣù kìn-ín-ní 2020, nígbà tí wọ́n na Clemson ní 42 sí 25 láti gba ife-ẹ̀yẹ, Chase nìkan kó yáàdì 221.

Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ọwọ́ Chase láàrin sáà méjèèjì. Ọwọ́ tó mú 23 náà ló mú 84. Ohun tó yí padà ni ètò, òye kọ́tábáàkì àti ọdún kan sí i lórí ọmọ náà. Jefferson tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo sì wá kó yáàdì 1,809 fún Minnesota Vikings ní sáà 2022, tí kò sí risífà kankan ní NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù náà jẹun, tó tó o lọ́dún náà.

Kí ló wá ń ṣe ọmọ ọdún àkọ́kọ́ gan-an? Ẹ wo eré tó rọrùn jù, èyí tí wọ́n ń pè ní slant. Risífà yóò gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú, yóò fi ẹsẹ̀ tó wà lápá ìta gúnlẹ̀ gbọn-in, yóò sì gé wọ àárín pápá. Kọ́tábáàkì kì í dúró dìgbà tó bá yíjú sí i. Bí ẹsẹ̀ kẹta ṣe ń kan ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ṣèèṣì gbé ìṣísẹ̀ kẹrin, ó ti pẹ́ jù. Ibi tó yẹ kó wà ni bọ́ọ̀lù ń lọ, kì í ṣe ibi tó wà. Yóò na ọwọ́ kan sí i, bọ́ọ̀lù á kan ìka rẹ̀, á já bọ́. Lójú òǹwòran, ọwọ́ ló ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ṣẹ̀.

Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò sì ní jẹ́ kó gbé ìṣísẹ̀ kìn-ín-ní náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, eré ẹsẹ̀ nìkan tó fún un: àwọn tó ń ṣọ́ ọ máa ń fà sẹ́yìn kó má baà sá kọjá wọn. Ní yunifásítì, ọkùnrin ọmọ ọdún 21 tàbí 22 tó ti gbé irin fún ọdún mẹ́ta ni yóò wá dúró gangan níwájú rẹ̀, tí yóò sì kó ọwọ́ méjèèjì tì í láyà. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èjìká tan irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó gbọ́dọ̀ lè ka àmì tí wọ́n ń ṣe sí i láti ẹ̀gbẹ́ pápá, kó wo bí àwọn alátakò ṣe tò, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó yí ọ̀nà tó fẹ́ sá padà, láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń pariwo. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù tún dé: á máa fojú wá ẹni tó fẹ́ kọlù ú kó tó di bọ́ọ̀lù mú tán, ìyẹn náà á sì tún bọ́. Ẹ̀kọ́ ni gbogbo èyí. Kò sí èyí tí wọ́n ń bí mọ́ ènìyàn.

Àwọn ará àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìgbà ogun, òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, kò gba ọmọ ọdún àkọ́kọ́ láàyè láti gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ àgbà títí di 1972. Ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ tiwọn. Ìkánjú tó gbòde báyìí kò tíì pẹ́ láyé.

Yunifásítì Alabama náà tún jẹ́rìí sí i. Ní 2017, àwọn risífà mẹ́ta kan jọ dé ibẹ̀: Jerry Jeudy mú bọ́ọ̀lù 14 ní sáà náà, Henry Ruggs mú 12, DeVonta Smith mú 8. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 34 péré. Ní sáà yẹn kan náà, Calvin Ridley tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn lórí pápá dá mú 63. Lóòótọ́, ọ̀kan nínú 8 ti Smith ni bọ́ọ̀lù yáàdì 41 tí Tua Tagovailoa jù sí i nínú àfikún àkókò, tí Alabama fi na Georgia ní 26 sí 23 láti gba ife-ẹ̀yẹ ní 8 oṣù kìn-ín-ní 2018. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan kò sọ ọ́ di ọ̀gá. Ó mú 42 ní 2018, ó mú 68 ní 2019, ó mú 117 ní 2020 fún yáàdì 1,856, ó sì gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó peregedé jù lọ, tí risífà kankan kò tíì gbà mọ́ láti ìgbà Desmond Howard ní 1991. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, lọ́dọọdún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni NFL yàn ní ìpele kìn-ín-ní.

Àwọn tó di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú yóò bèèrè pé: Jeremiah Smith ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní 2024, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ni ní Ohio State, ó sì kó yáàdì 1,315 àti touchdown 15, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife-ẹ̀yẹ. Amari Cooper náà kó yáàdì 1,000 ní Alabama ní 2012. Irú wọn wà, wọn kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi ń dùn lẹ́nu. Nínú ilé Ohio State yẹn kan náà, Jaxon Smith-Njigba mú bọ́ọ̀lù 10 fún yáàdì 49 ní sáà kúkurú ọdún 2020. Lọ́dún kejì, ó kó 1,606. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Rose Bowl nìkan, ó gba yáàdì 347 lọ́wọ́ Utah. Emeka Egbuka, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà ni, mú 9 ní ọdún àkọ́kọ́ tirẹ̀. Nígbà tó ń kúrò, ó ti mú 205, kò sí ẹni tó tó o rí nínú ìtàn yunifásítì náà. Chris Olave àti Garrett Wilson ló wà níwájú wọn. Wọ́n tò sẹ́yìn àgbà ni, ọwọ́ wọn kò dákú.

A ò sọ pé gbogbo wọn ló ń yege. Àwọn kan wà tí ọdún kẹrin bá níbi tí ọdún kìn-ín-ní fi wọ́n sí. Ohun tí a ń sọ ni pé ọdún kìn-ín-ní kò lè fi ẹni tí yóò yege hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní yege. Bọ́ọ̀lù 23 Chase àti 23 ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ lónìí jọra lórí ìwé.

Ìpalára ìgbàgbọ́ yìí sì ti ń le sí i. Láti 2021 ni òfin ti gba agbábọ́ọ̀lù láàyè láti kó lọ sí yunifásítì mìíràn kó sì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọdún náà gan-an ni owó ìpolówó di ẹ̀tọ́ fún wọn. Ariwo òǹwòran ti wá ní agbára tí kò ní rí. Jameson Williams lo sáà méjì ní Ohio State pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 15 lápapọ̀. Ó kó lọ sí Alabama, ó sì gba yáàdì 1,572 ní 2021. Oríire ni tirẹ̀, ó rí ibi tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ojú tì kúrò kì í rí irú ibẹ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé ọmọ tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè yí padà, kó wo Nelson Agholor, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1993, tó dé Florida nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ní yunifásítì USC, ó mú 19 ní sáà àkọ́kọ́, 104 ní ẹ̀kẹta. Philadelphia Eagles yàn án ní 2015, ìyà ọdún àkọ́kọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun: bọ́ọ̀lù ń bọ́, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń hó lé e lórí, débi pé ní 2016 akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní kó jókòó sílé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Wọn kò lé e. Wọ́n sún un kúrò ní ẹ̀gbẹ́ pápá wá sí àárín, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó kọ́ṣẹ́. Ní 4 oṣù kejì 2018, ó mú bọ́ọ̀lù 9 nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL, tí Eagles fi na New England ní 41 sí 33.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eré yìí ní Houston, ní Atlanta tàbí ní Ìbàdàn lórí fóònù, ẹ̀bẹ̀ kan ni ìwé yìí ń bẹ̀ yín. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ibi tí bọ́ọ̀lù gbà, ẹ wo bóyá wọ́n ti bi kọ́tábáàkì wó kó tó jù ú. Ẹ jẹ́ kó parí sáà kejì kí ẹ tó máa wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀.