Idà Gba Ìlú, Ahọ́n Gba Aṣẹ́gun

Láàárín àwọn Yorùbá tí ń ṣòwò ní ìlú Jọ́ọ̀sì, kì í ṣòro láti rí ọmọ Ìlọrin tí yóò sọ pé Fúlàní ni baba ńlá òun. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ èdè Fúlàní sí i, ó lè má gbọ́ ẹyọ kan. Yorùbá ni yóò fi dáhùn. Àwọn kan a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ó sọ ogún baba rẹ̀ nù. Ẹ̀sùn náà kò tọ́ sí i. Ohun kan náà ni ojú àwọn Nọ́máànì rí, àwọn jagunjagun tí òkìkí wọn kàn ní Yúróòpù láyé àtijọ́.

Ìhà àríwá ni baba wọn ti fi ọkọ̀ ojú omi wá dààmú ilẹ̀ Faransé, títí ọba Charles fi fún Rollo, olórí wọn, ní ilẹ̀ ní 911. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ wọn fi gbàgbé èdè baba wọn, tí wọ́n di elédè Faransé. Ní 1066, William, àtọmọdọ́mọ Rollo, ṣẹ́gun Harold ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Hastings. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ó pín in fún àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ní 1086 àwọn akọ̀wé rẹ̀ sì ka oko, ọlọ àti ẹran ọ̀sìn sínú ìwé. Faransé wá di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́. Wọn a máa ro ẹjọ́ tálákà lójú rẹ̀ ní èdè tí kò gbọ́. Ó di 1362 kí òfin tó jáde pé kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́. Ohun ẹ̀rín ni pé Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà!

Ní Ìlọrin, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ó fa Àlímì, àlùfáà Fúlàní, mọ́ra nígbà tí ó ń bá Ọ̀yọ́ jà. Ní nǹkan bí 1824 wọ́n pa Àfọ̀njá, Abdulsalam ọmọ Àlímì sì di ẹ́míà àkọ́kọ́. Ìdílé Àlímì ni ó ń jọba títí di òní, Yorùbá sì ni èdè ìlú. Oyè Balógun pàápàá kò parẹ́ níbẹ̀: Balógun Fúlàní wà.

Ilé ẹjọ́ ni èdè aṣẹ́gun ti máa ń pẹ́ jù lọ. Gẹ̀ẹ́sì gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1960, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń sọ ní ilé ẹjọ́ gíga ní Jọ́ọ̀sì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè ilé ẹjọ́, ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò yẹ kí a fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà wà nítòsí. Kí ìjọba gba ògbufọ̀ tí ó gbọ́ Berom, Anaguta àti Afizere dáadáa, kí ó kọ́ wọn níṣẹ́, kí ó sì máa san owó oṣù wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń san ti akọ̀wé kóòtù.