Ikùn Micra Kò Gba Odidi Kẹ́ẹ̀gì

Lítà 4 ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tó ń yá lọ́jà jù ní Agodi Gate n'Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì Nissan Micra tó ń kó èrò láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ kò gbà ju lítà 3 àti díẹ̀ lọ, tòun ti fíltà tuntun. Ẹ lọ dúró sí ìdí mẹkáníìkì lọ́jọ́ tó bá ń ṣe sáfíìsì, kí ẹ wo ibi tí ìyókù ń wọlé sí. Inú ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Á dà á tán pátá, á gbọn kẹ́ẹ̀gì, á tún dojú rẹ̀ dé inú àrọ kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lára lè ro tán. Olówó mọ́tò á dúró ti ẹ̀gbẹ́ kan, á máa rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tó bù nínú ọ́ìlì òun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù á ga dé ibi tí kíráńkì ti ń yí, kíráńkì á wá máa lù ú bí ìyá alákàrà ṣe ń lu ẹ̀wà lílọ̀, títí á fi ru sókè. Afẹ́fẹ́ tó wọ inú ẹ̀wà ló ń jẹ́ kí àkàrà wú. Èyí tó wọ inú ọ́ìlì kò ṣe ẹ́ńjìnnì lóore kankan. Ìfófòó ni pọ́ǹpù á máa fà dípò ọ́ìlì, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Èyí tí kò bá ríbi dúró sí á ti síìlì, á wá ọ̀nà jáde. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, oní-mọ́tò á padà dé: "Ọ̀gá, ó ti ń jò o." Ọ̀gá á ní ọ́ìlì yẹn ló ṣàn jù, àfi kí wọ́n wá èyí tó ki.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í yára dáhùn bí wọ́n bá bi mí pé irú ọ́ìlì wo ló dáa fún mọ́tò kékeré. Orúkọ ni wọ́n fẹ́ kí n dá. Ṣé Mobil ni àbí Total? Ṣé Lubcon tí wọ́n ń ṣe ní Ìlọrin náà dáa? Tó bá ṣáà ti jẹ́ ojúlówó, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ sì bá ẹ́ńjìnnì yín mu, kò sí èyí tí ẹ máa kábàámọ̀ nínú wọn. Nọ́ńbà yẹn àti gééjì ló yẹ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ti gééjì kò gùn. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ fún ọ́ìlì láyè kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ nu gééjì, ẹ tì í bọ àyè rẹ̀ padà, ẹ wá fà á yọ wò. Kó sún mọ́ àmì òkè, kó má kọjá rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, láti àmì kan dé èkejì kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, ìyẹn ni pé odidi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dà tán sínú Micra ti kọjá àlà kí ẹ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ku nọ́ńbà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla tòkúnbọ̀ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2008. Ẹ fi àkísà nu ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí 5W-30 tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn sí nígbà tó bá tutù. Bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì á ṣe tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá ṣíná láàárọ̀. Nọ́ńbà kejì ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé 100°C. Ìwé tí Toyota fi sínú mọ́tò yẹn ní ẹni tí kò bá rí 5W-30 lè fi 10W-30 rọ́jú, àmọ́ kó padà sí 5W-30 nígbà tó bá tún fẹ́ pààrọ̀. Lítà 3.7 ló ń gbà. Òun náà kò gba odidi kẹ́ẹ̀gì.

0W-20 ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, láti 2009 wá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn èèyàn, nítorí ó ń ṣàn gidi gan-an. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń fi dandan mú àwọn tó ń ṣe mọ́tò pé kí mọ́tò wọn má máa jẹ epo púpọ̀, ọ́ìlì tó ṣàn sì wà lára ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dín in kù. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn náà tí wọ́n kó lọ sí àwọn ilẹ̀ olóoru, ìwé rẹ̀ fàyè gba 5W-30 àti èyí tó tún ki jù ú lọ díẹ̀. Ẹni tí kò rí 0W-20, tàbí tí owó rẹ̀ kò ká a, kó ra 5W-30, kó lọ sùn. Kó má ṣáà ti ibẹ̀ fò lọ sórí 20W-50.

Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ̀yin náà, ilẹ̀ yìí mà gbóná. Ọ́ìlì òyìnbó á kàn máa ṣàn bí omi ni." Ó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ pé Ìbàdàn lòun wà. Tẹ́mósítáàtì ló ń ṣètò ooru ara rẹ̀. Ó ń sé omi mọ́nú títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ, ìgbà yẹn ló tó ń ṣí kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Nǹkan bíi 80 sí 90°C ni omi yẹn máa ń wà tí mọ́tò bá ti rìn dáadáa, ì báà jẹ́ ní London, ì báà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé mẹkáníìkì tó ń fi ooru dẹ́rù bà yín yìí gan-an ló yọ tẹ́mósítáàtì dànù lọ́jọ́sí, tó ní kò wúlò lórílẹ̀-èdè yìí, tó sì so fáànù tààrà kó máa yí láìdúró. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè ti Challenge dé Bódìjà kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má tíì gbóná bó ṣe yẹ. Omi tó bá sẹ̀ sínú rẹ̀ kò ní gbẹ, epo tí kò jó tán á máa ro wọ inú ọ́ìlì, ẹrẹ̀ dúdú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ lábẹ́ ìdérí fálùfù. Ẹ́ńjìnnì tó ń tutù jù yìí ni wọ́n tún wá ń wá ọ́ìlì tó ki jù lọ́jà fún.

Mi ò ní wọ́n ń purọ́ o. Ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn ti wá ló jìnnà. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Peugeot ní Kaduna. Volkswagen Ìjàpá kò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, lítà 2 ààbọ̀ péré ló sì ń gbà, nítorí náà ọ́ìlì ibẹ̀ máa ń rí màbo lọ́wọ́ ooru. Ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lórí Ìjàpá kò jẹ̀bi bó bá fẹ́ràn ọ́ìlì tó ki. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀, ó fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ wá dé orí Corolla tó ní VVT-i.

VVT-i yẹn ni gbogbo nǹkan fi yí padà. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kí irin má ha irin, kí ó sì gbé ooru kúrò, niṣẹ́ ọ́ìlì. Nínú eléyìí, ọ́ìlì tún ń ṣe iṣẹ́ alágbára: agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í ló ń yí kámúṣáfùtù díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, kí fálùfù lè ṣí lásìkò tó bá ìrìn mọ́tò mu. Ihò tóóró àti asẹ́ kékeré kan ló ń gbà kọjá. Bí ó bá ki jù tàbí tó dọ̀tí, iṣẹ́ yẹn á falẹ̀, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì á tàn, wọ́n á sì ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ ní Àràròmí. Micra olójú ńlá tí wọ́n ṣe láti 2002 náà ní tirẹ̀. Ṣéènì ló ń lò, ọ́ìlì ló sì ń ti ohun tó ń fa ṣéènì náà le. Àwọn tó ń fi ṣe takisí mọ ariwo kárákárá tó máa ń ké láàárọ̀ kí ọ́ìlì tó dé ibẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n lò kọjá àsìkò ló sábà máa ń sọ ṣéènì yẹn di gígùn.

Ẹni tó bá ní Micra àtijọ́, èyí tí kò ní wàhálà VVT kankan, tó ti rìn títí tí kò sẹ́ni tó mọ iye kìlómítà rẹ̀ mọ́, mi ò ní bá a jà lórí 15W-40, kódà 20W-50. Àwọn ìwé Nissan ìgbà yẹn máa ń ní àtẹ kan tó fi ooru ìlú hàn, wọ́n sì fàyè gba àwọn tó ki níbi tí òtútù kò ti sí. Ohun tí mo kórìíra ni kí wọ́n máa fi ọ́ìlì tó ki bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń ta tòkúnbọ̀. Mọ́tò tó ń jẹ ọ́ìlì, tí èéfín búlúù ń jáde nídìí rẹ̀, wọ́n á da èyí tó ki jù sínú rẹ̀, wọ́n á fi ọ́ìlì tírítímẹ́ǹtì kún un, ariwo á rọlẹ̀, èéfín á fara pamọ́ di ìgbà tí ẹ bá sanwó tán. Àwọn Corolla tó kọ́kọ́ lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ lárùn yìí láti ilé: ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára pístìnì wọn kéré, ó máa ń dí, ríìngì á lẹ̀, ọ́ìlì á máa jó. Toyota fúnra rẹ̀ pààrọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe pístìnì náà nígbà tó yá. Kò sí kẹ́ẹ̀gì tó lè wo ìyẹn sàn. Kí ẹ tó sanwó mọ́tò, ẹ fa gééjì yọ, ẹ fi ọ́ìlì sáàárín ìka méjì, ẹ ra á. Tó bá fà yọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fi pamọ́.

Lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì, ẹ wo lẹ́tà méjì tó tẹ̀ lé API. S ni ti ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ń lọ bí ABD ṣe ń lọ, èyí tó jìnnà jù ló tuntun jù. SL dé ní 2001, SM ní 2004, SN ní 2010, SP ní 2020. Mo ṣì ń rí SF lórí àtẹ, ó ń dán yanran nínú kẹ́ẹ̀gì olómi wúrà. Mọ́tò tí wọ́n ṣe di 1988 ni wọ́n ṣe SF fún. Ẹ̀gbọ́n tó bá rà á fún Corolla 2005 nítorí pé ó rọjú, owó ríìngì ló ń dá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹn.

Ti olówó ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní fúlù sìǹtẹ́tíìkì, ó dáa, ó ń pẹ́, ó ń fara da ooru. Fún takisí tó ń jò, owó òfò ni. Ọ́ìlì tó mọ níwọ̀n tí wọ́n ń pààrọ̀ lásìkò sàn ju olówó ńlá tí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ àjíǹde lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ìṣòro àwọn awakọ̀ wa. "Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la máa ń ṣe é, bàbá." Oṣù mẹ́ta ti ta ni? Micra tó bá ń rin kìlómítà 150 lójúmọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 5,000 tó yẹ kó fi pààrọ̀ ọ́ìlì ní ọjọ́ 33, ká má tíì ka wákàtí tó fi ń jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí táyà kò yí. Mítà ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú tipẹ́. Ọjọ́ ni kí irú wọn máa kà, kí wọ́n kọ ọ́ sórí páálí, kí wọ́n há a mọ́ òkè dígí. Tí ọ́ìlì bá dúdú, kí wọ́n má torí ẹ̀ dààmú. Ìdọ̀tí tó ń fọ̀ ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá funfun bí ògì ni kí wọ́n sáré, nítorí omi ti wọ inú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ló kù. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì tí wọ́n bá tú kalẹ̀ máa ń wúlò fún káfíńtà tó fẹ́ kí ikán jìnnà sí pákó, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù sì ń fi ra mọ́ọ̀dù wọn. Àwọn kan ń kó o lọ síbòmíràn, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń fi kẹ́míkà bó o lára, wọ́n á wá rọ ọ́ padà sínú kẹ́ẹ̀gì tó lórúkọ. Àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ń lé wọn kiri, ṣùgbọ́n ọjà wa gbòòrò. Ẹ rà á nílé epo tó ni orúkọ náà, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó lè fún yín ní rìsíìtì. Ẹ wo síìlì abẹ́ ìdérí bóyá ẹnì kan ti ṣí i rí, ẹ wá déètì àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó mọ́ tónítóní, tí bébà ara rẹ̀ kò ya, àwọn tó ń ra ìgò àti kẹ́ẹ̀gì kiri ń fi owó gidi rà á, ẹ sì mọ ibi tó ń lọ. Ẹ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, ẹ fi la ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ní òun fẹ́ máa fi ra kẹrosíìnì fún ìyá òun, ẹ fún un lówó kó lọ ra òmíràn.