Ẹ Kọ Ọ̀rọ̀ Náà Ná, Síláìdì Á Tẹ̀lé E

Olùkọ́ tó bá ti jókòó ti PowerPoint rí mọ bí àkókò ṣe ń lọ níbẹ̀. Àlàyé ìlà mẹ́ta péré ló fẹ́ kọ, àmọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fa àpótí ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí yóò máa wá àwọ̀ tó bá àwọ̀ mu, tí yóò máa dín lẹ́tà kù kí gbólóhùn gígùn lè wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ọ̀ṣọ́ á ti pọ̀, ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ò ní tíì tó nǹkan. Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ò tíì gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ yín sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, irú èyí tí Notepad ń ṣí, ẹ ó fi àmì díẹ̀ sọ ibi tí síláìdì kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà kan á sì sọ gbogbo rẹ̀ di síláìdì fún yín. Irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóde. Èyí tó yẹ kí ẹ mú nínú wọn ni mo fẹ́ là yé yín.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ ni Markdown, ìlànà ìkọ̀wé tí John Gruber, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2004. Àmì rẹ̀ ò pọ̀ rárá. Bí ẹ bá fi # síwájú ìlà kan, ó di àkọlé. Bí ẹ bá fi - síwájú rẹ̀, ó di ọ̀kan lára àwọn kókó ọ̀rọ̀. Ká sọ pé olùkọ́ Yorùbá kan fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àmì ohùn. Gbogbo ohun tó máa kọ kò ju báyìí lọ:

# Ohùn mẹ́ta

- ohùn òkè
- ohùn àárín
- ohùn ìsàlẹ̀

# Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó jọra

- ọkọ: ẹni tó fẹ́ ìyàwó
- ọkọ́: ohun tí à ń fi ro oko
- ọkọ̀: ohun tí à ń wọ̀ rìnrìn àjò
- ọ̀kọ̀: ohun ìjà

Síláìdì méjì nìyẹn. Ẹ má gbàgbé láti fi ìlà òfìfo kan sílẹ̀ lókè àkọlé kọ̀ọ̀kan, àti láàárín gbólóhùn àti àwọn kókó tó bá tẹ̀ lé e, torí bí ẹ kò bá fi í sílẹ̀, àwọn ètò kan á lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ra wọn.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ ló fi ń ṣáájú. Ẹni tó ń kọ ọ́ kò rí àwọ̀ tàbí àwòrán tó lè gbà á lọ́kàn. Ohun tó fẹ́ sọ nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Fáìlì náà kì í sì í wúwo. Ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìjẹ dátà púpọ̀, ẹ lè tún un ṣe lórí fóònù nínú ọkọ̀, ẹ sì lè ṣí i lọ́dún mẹ́wàá sí i láìbéèrè irú Office tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo ètò tó ń sọ Markdown di síláìdì tí mo máa dárúkọ níbí.

Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ yíyàn? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè pé èwo ló rẹwà jù. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ náà ń lọ. Ta ló máa gba fáìlì lọ́wọ́ yín? Kọ̀ǹpútà ta ni wọ́n máa fi gbé e sójú pátákó? Bí ọ̀gá yín tàbí ẹni tí ẹ jọ ń kọ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kàn án kó sì ṣàtúnṣe, PPTX, ìyẹn fáìlì PowerPoint, ni ẹ nílò. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun tí ẹ rí nílé jẹ́ ohun tí gbogbo gbọ̀ngàn máa rí, PDF ni. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn èèyàn ti máa wò ó, HTML ló bá a mu. Ohun mẹ́ta yìí ló ń ya àwọn ètò náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Pandoc ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. John MacFarlane, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì California ní Berkeley, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Kò ní ojú tí à ń tẹ̀ káàkiri. Àṣẹ là ń kọ fún un nínú terminal, ojú tí à ń fi ọ̀rọ̀ lásán pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ìyẹn sì máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Àmọ́ ẹ wo àṣẹ tó sọ ẹ̀kọ́ àmì ohùn yẹn di PowerPoint:

pandoc ohun.md -o ohun.pptx

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ inú PPTX náà ṣeé tún kọ, àkọlé wà ní ààyè àkọlé, kókó wà ní ààyè kókó. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ní àwọ̀ àti àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, ẹ ó ṣe fáìlì PowerPoint kan tó ní wọn, ẹ ó sì fi --reference-doc tọ́ka sí i, Pandoc á bá yín wọ aṣọ náà fún gbogbo síláìdì. Fáìlì kan náà ló máa sọ di Word lọ́la bí ẹ bá fẹ́ pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò tíì rí ètò mìíràn tó gba ọ̀rọ̀ kan tó sì lò ó dáadáa níbi púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì orí àti ìsàlẹ̀ ló yẹ ká dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ Yorùbá ti máa ń bàjẹ́. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Nǹkan méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀ láti kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: lẹ́tà tó ti ní àmì nísàlẹ̀, àti àmì ohùn tó dá dúró tí wọ́n gbé lé e lórí. Fọ́ǹtì ló máa pinnu ibi tí àmì ohùn náà máa jókòó sí. Bí fọ́ǹtì ò bá mọ iṣẹ́ náà, àmì á yọ sápá kan, tàbí kó di àpótí òfìfo. Nínú ẹ̀kọ́ tí ọkọ́ àti ọkọ̀ ti fẹ́ fi ìyàtọ̀ han ara wọn, tí àmì bá ti yẹ̀, ẹ̀kọ́ ti tán nìyẹn.

PPTX kì í sábà gbé fọ́ǹtì dání. Bí ẹ bá lo Charis SIL nílé, tí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ò sì ní in, fọ́ǹtì tó bá wù ú ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Inú PDF ni fọ́ǹtì ti ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ní àmì ohùn, mo ní kí ẹ ṣe PDF rẹ̀ sọ́wọ́, kódà bó jẹ́ PPTX ni wọ́n béèrè fún.

Ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà ṣe PDF síláìdì ni Beamer, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò ìtẹ̀wé LaTeX. Till Tantau, ará Jámánì, ló ṣe é; òun fúnra rẹ̀ ló fi gbèjà iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 2003. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò tàbí físíìsì kò ní rí ohun tó dára jù ú lọ, torí kò sí ètò tó ń kọ ìṣirò bíi LaTeX. Àmọ́ ó ní wàhálà tirẹ̀. Ó wúwo: bí ẹ bá gbé TeX Live, àkójọ tó ní LaTeX nínú, wálẹ̀ tán pátápátá, gígábáìtì mélòó kan ló máa jẹ. pdfLaTeX, tí Pandoc máa ń pè bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, á sì kọ àmì ohùn tó dá dúró yẹn, á ní òun ò mọ̀ ọ́n, á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. XeLaTeX tàbí LuaLaTeX ni kí ẹ pè:

pandoc ohun.md -t beamer --pdf-engine=xelatex -o ohun.pdf

Kí ẹ sì yan fọ́ǹtì tó mọ àmì wa, bíi Noto Sans, Charis SIL tàbí Gentium, tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan tún wà: Beamer kì í dín lẹ́tà kù fún yín. Ọ̀rọ̀ tó bá pọ̀ jù á kàn ré kọjá ìsàlẹ̀ síláìdì. Mo ka ìyẹn sí oore, torí ó ń fi tipátipá kọ́ wa láti dín ọ̀rọ̀ kù.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà LaTeX, ẹ wo Marp. Ẹ ó fi àfikún rẹ̀ sínú ètò ìkọ̀wé VS Code, ẹ ó kọ marp: true sókè fáìlì láàárín ìlà --- méjì, ẹ ó sì máa fi --- ya síláìdì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lápá òsì ni síláìdì ń yọ lápá ọ̀tún. Bíráúsà tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, Chrome tàbí Edge, ló ń lò láti ṣe PDF, bíráúsà òde òní sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ohùn sórí ọ dáadáa bí fọ́ǹtì bá pé. Ó ń ṣe PPTX náà, àmọ́ ẹ kíyè sí i: bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, àwòrán ni ó ń sọ síláìdì kọ̀ọ̀kan dà nínú rẹ̀. Àmì ò ní yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní lè tún ọ̀rọ̀ kankan kọ. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tí kò fẹ́ rí terminal, tó sì ń kọ Yorùbá, Marp ni mo máa fi lé e lọ́wọ́.

Àwọn tó ń fi bíráúsà ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn reveal.js tí Hakim El Hattab kọ. Ó dán, ó ń yí, bí ẹ bá sì tẹ S, ojú kan á ṣí tí ẹ̀yin nìkan lè fi rí ohun tí ẹ fẹ́ sọ àti aago. Pandoc ń ṣe é. Ewu rẹ̀ ni pé HTML tí Pandoc bá ṣe lọ́nà lásán máa ń lọ mú àwọn fáìlì reveal.js láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ṣí i. Ní gbọ̀ngàn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ọ̀rọ̀ gbogbo á wà lórí ojú kan ṣoṣo bí ìwé ìròyìn. Ẹ fi -s àti --embed-resources kún àṣẹ Pandoc nílé, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà, àwọn fáìlì náà á wọnú fáìlì kan. Slidev, tí Anthony Fu gbé jáde ní 2021, dára fún àwọn tó ń kọ́ni ní kóòdù. Ẹni tí kò bá mọ Node.js, èyí tí Slidev ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kó fi í sílẹ̀.

Ẹ tún béèrè irú pirojẹ́kítọ̀ tó wà níbi tí ẹ ń lọ. Àwọn àtijọ́ jẹ́ 4:3, èyí tí Beamer náà máa ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Marp ń lo 16:9. Lórí Pandoc, -V aspectratio=169 ló ń yí ti Beamer padà.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ọ̀nà yìí ò yẹ fún. Bí síláìdì yín bá jẹ́ àwòrán tí ọfà gba àárín rẹ̀ kọjá, máàpù tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kọ nǹkan sí lára, tàbí fọ́tò mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí ẹ fẹ́ gan-an, ẹ padà sí PowerPoint tàbí LibreOffice Impress. Fífi Markdown to fọ́tò mẹ́rin lè gbà yín ní àkókò tó pọ̀ ju èyí tí Impress máa gbà lọ, àmọ́ ẹ lè da irú síláìdì méjèèjì pọ̀: kí Pandoc ṣe èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sínú PPTX, kí ẹ wá fọwọ́ ara yín fi èyí tó jẹ́ àwòrán kún un lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti parí.